Ohun Tí Ọwọ́ Atọ́nà Ń Sọ

Obìnrin kan wà tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó bá a dàgbà ní kò tíì mọ ìrìn rìn tó ti ń bèèrè ohun tó mú kí ilẹ̀ le. Aránṣọ ni. Bí wọ́n bá gbé aṣọ wá pé kó bá àwọn gé e kúrú, yóò kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta, yóò fi ìka tọ ojú rírán lọ bí ẹni ń tọpa èèrà, yóò ní, "Ta ló rán èyí? Kí ló fà á tó fi rán an báyìí?" Oníbàárà á máa jó lẹ́sẹ̀ kan, ó ń kánjú. Òun ò kánjú. Ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ ní Kí-ló-fà-á, tí orúkọ tí ìyá rẹ̀ fún un fi di ohun tó kù sínú ìwé nìkan.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bèèrè fún ọdún méjìlá tí kò rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: kí ni ọkọ òun ń wá lórí kẹ̀kẹ́?

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀. Láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di ìrọ̀lẹ́ Fráídè, ènìyàn bí ènìyàn ni: ó ń fá pákó, ó ń kan ilẹ̀kùn, eruku igi wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, ó di ẹ̀dá mìíràn. Á wọ ṣòkòtò pénpé kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Á dé akoto. Á lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oríta, wọn á gun kẹ̀kẹ́ títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọn á sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra gan-an.

"Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ ò gbé nǹkan kan bọ̀," Kí-ló-fà-á á wí. "Ọdẹ tí ò rí ẹran pa, ó kéré tán, á ru igi wálé."

"Afẹ́fẹ́ la lọ gbà."

"Afẹ́fẹ́ tán nínú ilé yìí ni?"

Ó tún bèèrè ohun tó mú àgbà ọkùnrin máa fá irun ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ti kẹ̀kẹ́ wọlé.

Iwájú ni ọkọ yìí máa ń wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń la afẹ́fẹ́ fún àwọn tó kù, òun ni ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ rí kòtò, tó sì ń fi ọwọ́ sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn kí wọ́n má baà já sí i. Atọ́nà ni wọ́n ń pè é.

Ní Sátidé kan, ẹnì kan ṣílẹ̀kùn mọ́tò tó dúró lẹ́bàá títì láìwẹ̀yìn. Atọ́nà ò rí àyè yà. Ó ṣubú lé ẹ̀gbẹ́ òsì, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sì wó lé e lórí. Apá òsì kán. Egungun ìhà mẹ́rin kán, ọ̀kan nínú wọn sì gún ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ abẹ yọrí, gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Ọpẹ́ ò tíì tán lẹ́nu tí ibà fi dé.

Ibà yìí, wọ́n fún un lóògùn, ó sùn. Oògùn tán, ó jí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, dókítà pe Kí-ló-fà-á sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Obìnrin kúkúrú kan ni dókítà yìí, inú irun ló máa ń ti bírò bọ̀.

"Ìyá, nǹkan kan wà níbì kan lára wọn tó ń jẹrà. A ti wo ikùn, a ti wo àyà, a ò rí i. Ẹ̀rọ ńlá tí ì bá ya gbogbo ara wò, ilé ìwòsàn mìíràn ló wà, a ò sì lè gbé wọn débẹ̀ nígbà tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Bí a ò bá rí i láàárín ọjọ́ méjì, á wọnú ẹ̀jẹ̀."

"Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà yọ bírò nínú irun, ó tún ti í bọ̀ ọ́. "Ẹ jẹ́ ká rí i ni, Ìyá."

Ẹni tó ni ara ì bá sọ ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n rọ́bà wà ní ọ̀fun Atọ́nà, kò lè fọhùn, oògùn sì gbé e sí àárín oorun àti ojú lílà. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, orí ló ń mì pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé orí ló ń dùn yín, Bàbá?" Nọ́ọ̀sì bi í. Ó mirí.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni?" Ó mirí.

"Ṣé kí n gbé erin wọlé fún yín?" Ó tún mirí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ ti rí i," Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó. "Ẹnu ọ̀nà oorun ni wọ́n wà. Wọn ò wọlé, wọn ò jáde."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan wà tí kò sùn. Apá òsì wà nínú ìdè funfun, kò ṣeé gbé. Ti ọ̀tún ni Kí-ló-fà-á jókòó tì, tó ń wò láti òwúrọ̀. Ọwọ́ náà á sún lọ sí ìbàdí, á rá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á wá gbá afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ gbá èérún búrẹ́dì kúrò lórí tábìlì. Á sinmi. Á tún ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ńṣe ló fẹ́ fa rọ́bà yọ, wọ́n sì fẹ́ fi aṣọ so ọwọ́ náà mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ dákun," Kí-ló-fà-á wí, "ẹni tó fẹ́ fa rọ́bà ẹnu yọ, ṣé ìdí ni yóò máa wá a lọ?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì gbé aṣọ náà sílẹ̀. Ọ̀ràn ọwọ́ yìí ò wá jẹ́ kí Kí-ló-fà-á gbádùn. Òun náà mọ̀ pé ọwọ́ a máa ṣiṣẹ́ nígbà tí orí ti sùn. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé bó bá sun oorun àsùnwọra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ aṣọ ìbora. Iṣẹ́ wo wá ni ọwọ́ yìí ń ṣe? Káfíńtà kì í gbá pákó báyẹn.

Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Méjì méjì ni wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bí wákàtí mẹ́rin bá pé, àwọn méjì mìíràn á dé, àwọn ti ìṣáájú á lọ. Kí-ló-fà-á bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn máa pààrọ̀ ara wọn bí olùṣọ́. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà nìyẹn: ẹni tó wà níwájú ló ń jẹ ìyà afẹ́fẹ́, a kì í sì jẹ́ kó rẹ ẹ́ tán kí a tó gba ipò rẹ̀. Àwọn kan lára wọn lọ ń bá Kí-ló-fà-á ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, wọ́n ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Àwọn kan lọ gbé ilẹ̀kùn tí Atọ́nà ti kàn tán fún ẹni tó ni ín. Tíṣà, àgbà ẹgbẹ́ wọn, tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, ló darí bí wọ́n ṣe fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni. Wọ́n gbé e sódì: ìta ni ibi tí wọ́n ti ń tì í bọ́ sí. Ẹni tó wà nínú ilé kò lè ti ara rẹ̀ mọ́lé, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta lè tì í mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà yìí, Oníbúrẹ́dì wọlé wá kí i. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìyan-búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ò sì kúrò ní èékánná rẹ̀ rí. Kò tíì gbé ju ẹsẹ̀ kan lọ sínú yàrá nígbà tí ọwọ́ Atọ́nà tún rá lọ sí ìbàdí, tó gbá afẹ́fẹ́. Oníbúrẹ́dì yà bàrà sí ẹ̀gbẹ́. Ó kọlu Nọ́ọ̀sì, abọ́ oògùn fò lọ́wọ́ ìyẹn, ó fọ́n ká.

"Ẹ̀ẹ̀! Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Mà."

Kí-ló-fà-á ti dìde. "Dúró ná. Kí ló fà á tí o fi yà?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Kò sí nǹkan kan nílẹ̀ níbẹ̀. Kí lo yà fún?"

Oníbúrẹ́dì wo ilẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ranjú. "Ọwọ́ wọn ló ní kí n yà. Mà, ọwọ́ ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe! Bí nǹkan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títì, ẹni iwájú á fi ọwọ́ sẹ́yìn ìbàdí, á gbá wa sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kòtò ni wọ́n ń fi hàn wá."

"Kòtò? Níbo?"

"Mi ò mọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n pe Tíṣà."

Tíṣà dé pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé àti ìwòye àgbà. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi ẹsẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ máàkì ìwé. Ó wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó ní ká yà sí ọ̀tún. A jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni kòtò wà."

Èyí bá ojú mu. Òsì ló fi ṣubú, òsì ló ti kán. Dókítà gbọ́ ọ, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó wo ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. "A ò tíì wo ẹ̀yìn wọn," ó wí. "Bí a bá ń yí wọn, èémí wọn ń já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbìyànjú."

Wọ́n kó ènìyàn mẹ́rin jọ. Wọ́n yí Atọ́nà kí ẹ̀gbẹ́ òsì lè wà lókè, dókítà gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo inú ara lé e, ó ń fà á láti ìhà dé itan. Nọ́ọ̀sì ń ka iye atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ojú ẹ̀rọ: "Àádọ́rùn-ún. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Ọgọ́rin. Dókítà, ọgọ́rin o." Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n dá a padà ní kíá, ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Ó tó," dókítà wí. Ó nu òógùn kúrò níwájú orí. "A ò ní yí wọn mọ́ lónìí."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tíṣà jókòó, ó di orí mú. Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Kí-ló-fà-á náà ní omijé, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló kọ́kọ́ jáde.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ibo lára ọkọ mi lẹ máa ń rí?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ọdún méjìlá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò. Mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ."

"Nínú yàrá yẹn, ibo lẹ dúró sí?"

"Níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo kọjú sí i..." Ó jọ̀wọ́ orí tó dì mú.

"Bí oníbàárà bá kọjú sí mi, tí mo ń wọn aṣọ rẹ̀," Kí-ló-fà-á wí, "ibi tí òsì mi wà ni ọ̀tún rẹ̀ wà. Mo ti rán àpò sí ibi tí kò yẹ lára aṣọ ènìyàn méjì kí n tó kọ́gbọ́n."

Tíṣà dìde bí ẹni tí èèrà ta. "Yéè! Ẹ̀yin ìyàwó wa, mi ò ka ọwọ́ rẹ̀ láti iwájú rí! Ta ni nínú wa tó kà á láti iwájú rí?" Kò sí. Iwájú ni Atọ́nà máa ń wà.

Wọ́n padà bá dókítà. Dókítà wò wọ́n tìyanu-tìyanu. "Ìyá, òsì lẹ sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó ti di ọ̀tún. Bó bá tún di àárín ńkọ́?"

"Ẹ má yí i," Kí-ló-fà-á bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí bàbá yìí lọ dúró síbi tó máa ń dúró sí ni. Ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri díẹ̀. Tíṣà wọ àárín, ó dúró lókè orí Atọ́nà níbi tí kò ti lè rí ojú rẹ̀, àtàrí nìkan ló ń wò. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń pè níta gbangba: "Atọ́nà o! Báwo lọ̀nà?"

Ojú tó pa dé náà ò là. Ṣùgbọ́n ọwọ́ dáhùn kíá. Ó lọ sí ìbàdí, ó gbá. Láti ibi tí Tíṣà dúró sí, ó yé e bí a-b-d.

"Òsì ni ká yà sí," ó wí. "Ọ̀tún ni kòtò wà. Ọ̀tún, lápá ẹ̀yìn, ní ìbàdí níbi tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Dókítà, mo fi irun orí mi búra."

Dókítà wo orí Tíṣà tó pá. Ó wo Kí-ló-fà-á. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ yẹn, tó ti tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ pe àwọn mẹ́rin yẹn padà. Ẹ fi kún atẹ́gùn tó ń wọlé sí wọn, ká sinmi fún ìdajì wákàtí ká tó ṣe é."

Nígbà tí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kejì, Nọ́ọ̀sì ka iye náà títí dé méjìdínlọ́gọ́rin. Dókítà ń fa ẹ̀rọ náà lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbàdí ọ̀tún. Ó dúró. Ó padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ihò dúdú kan wà lójú ẹ̀rọ, ó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́, ó wà nísàlẹ̀ ẹran ìdí, níbi tí awọ òkè ò ti fi nǹkan kan hàn ju àmì kékeré kan lọ. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ti gbá a níbẹ̀ nígbà tó wó lé e. Ẹ̀jẹ̀ ti sun sínú, ẹ̀jẹ̀ ti di ọyún.

"Mo ti rí ẹ," dókítà wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ abẹ ò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la, wọ́n sì nílò ẹ̀jẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, kẹ̀kẹ́ ti kún ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, olùṣọ́ ò mọ ibi tí yóò ní kí wọ́n gbé wọn sí. Ènìyàn mọ́kànlá na apá. Wọ́n dá Tíṣà padà nítorí ọjọ́ orí, inú sì bí i.

"Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tèmi ti bàjẹ́?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa ti bẹ́ẹ̀dì Atọ́nà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Kò gbá afẹ́fẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ ló ń mì síta, lẹ́ẹ̀mejì, bí adìyẹ tó fẹ́ gbọn ìyẹ́. Oníbúrẹ́dì bú sẹ́kún.

"Kí nìyẹn?" Kí-ló-fà-á bèèrè. "Mo ní kí nìyẹn? Ẹ má fojú fò mí."

Tíṣà ló sọ ọ́. "Ohun tí ẹni iwájú máa ń ṣe nìyẹn bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ká wá gba iwájú."

"Ṣé ó fẹ́ lọ ni?"

"Ẹni tó bá mì ín kì í kúrò lójú ọ̀nà, ìyàwó wa. Ẹ̀yìn àwọn tó kù ló ń sá sí, kó lè sinmi. Ó ku ẹni tó máa gbà á."

Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó bọ́ síwájú bẹ́ẹ̀dì. Oníbúrẹ́dì tò tẹ̀lé e, àwọn mẹ́fà mìíràn nínú ẹgbẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gùn bí okùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, afẹ́fẹ́ wo ló wà nínú ilé tí ẹ fẹ́ là?"

"Ẹ ṣáà máa tì í bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Kí-ló-fà-á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di irin rẹ̀ mú. Ẹ̀yìn wọn ló ń wò. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà, wọ́n bá bókẹ́ẹ̀tì omi kan tí ẹni tó ń nulẹ̀ gbé sílẹ̀ ní apá òsì. Tíṣà ò wẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn ìbàdí, ó gbá. Gbogbo ìlà náà yà sí ọ̀tún, ọkùnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì yà, Kí-ló-fà-á náà yà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n lò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọyún tí wọ́n fà jáde kún ife ńlá kan. Ní ọjọ́ kejì, ibà fà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Atọ́nà, ó wo ẹ̀rọ, ó tún fi ọwọ́ kàn án. "Ara ti tù wọ́n," ó wí. Kí-ló-fà-á ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án fúnra òun. Ó kàn án títí wọ́n fi ní kó jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó yọ rọ́bà. Láàárín ìgbà náà, aránṣọ wa ti lọ bẹ dókítà kó fi àwòrán kòtò náà han òun. Dókítà fi hàn án, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó dà bí àpò tí wọ́n rán sínú ìtẹ́nú kóòtù," Kí-ló-fà-á wí. "Kò sí bí a ṣe lè rí i láti ìta." Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó lè bá òun gé ṣòkòtò kan kúrú.

Àgbákò náà ò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti gé nínú ẹran ìdí ọ̀tún kúrò, ẹsẹ̀ náà ò sì ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Dókítà ní ó lè tún gun kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kó má ṣe retí pé òun á tún wà níwájú ẹgbẹ́. Atọ́nà gbọ́ ọ, ó fọwọ́ ra ìbàdí ọ̀tún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má dùn ún.

Ọjọ́ tó padà sílé, ọ̀sán ni. Ọ̀pá ló fi rìn láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà fúnra rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ó sinmi. Lẹ́yìn náà ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó fa ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó dúró síbẹ̀.

Kí-ló-fà-á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé kò dùn yín?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀."

"Kí ló wá fà á tí ẹ fi sùn lé e?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, wọn ò jẹ́ kí n sùn lé e. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí ni."

"Báwo ló ṣe rí?"

Atọ́nà ti pa ojú dé. "Obìnrin yìí," ó wí, "jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn ún tán kí n tó mọ̀."

Kí-ló-fà-á fa àga kan, ó jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dúró de èsì.